Aṣọ ìbora àránpọ̀ fún ọmọ tuntun: irú aṣọ wo àti irú àrà wo ni ó yẹ?

Ìyá Àgbà Adó kọ ọ́ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin aránṣọ àti ẹ̀yin òbí tí ẹ wà níbí. Ọmọ mi obìnrin yóò bímọ ní oṣù Kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ bá ti ń mú ní Adó-Èkìtì, mo sì fẹ́ fi ọwọ́ ara mi rán aṣọ ìbora fún ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́. Irú tí mo ní lọ́kàn ni àránpọ̀, èyí tí a máa ń gé aṣọ oríṣiríṣi sí ègé onígun mẹ́rin, tí a rán wọn pọ̀ di ojú kan, tí a tẹ́ aṣọ mìíràn sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí a sì fi òwú rírọ̀ sí àárín kí a tó fi abẹ́rẹ́ gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra.

Ohun tí ó wà nílẹ̀ nìyí. Mo ní kíjìpá tí ìyá mi fi pọ̀n mí, abala mẹ́ta ni, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ínṣì 15. Mo ní ẹtù àti àlàárì tí ó ṣẹ́kù lára aṣọ ìgbéyàwó ọmọ náà. Mo ní àgékù ànkárá tí ó kún àpò kan, kàǹpálà aláró tuntun kan tí mo rà ní Ọjà Ọba, àti gíní funfun ọ̀pá méjì. Èwo nínú wọn ni ó lè bá ara wọn gbé, irú àrà wo sì ni ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ ìránṣọ lò níwọ̀nba lè ṣe láìbà á jẹ́?

Ọ̀rọ̀ kejì ni pé ìyá ọkọ ọmọ mi ti gbọ́, ó sì ní a kì í fi àkísà bo ọmọ tuntun. N kò fẹ́ bá a jiyàn, n kò sì fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Aránṣọ Ìkẹ́rẹ́ kọ ọ́ pé:

Ẹ kú oríire tí ń bọ̀, Mà. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ.

Kí a tó kan àrà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìwúwo, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aṣọ àránpọ̀ ti ń bàjẹ́. Bí ẹ bá rán ègé kíjìpá mọ́ ègé ànkárá, kíjìpá yóò máa fa ànkárá ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tí wọ́n sì sá a, ojú rírán yóò máa hunjọ, títí ànkárá yóò fi ya létí ojú rírán gan-an. Aṣọ òkè ní ìyọnu tirẹ̀: bí ẹ bá ti gé e ni òwú etí rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú, àfi kí ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ rán ìlà méjì sí ibi tí ẹ fẹ́ gé tàbí kí ẹ fi gọ́ọ̀mù tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mú ẹ̀yìn rẹ̀. Gọ́ọ̀mù yẹn a sì mú kí ó le, bẹ́ẹ̀ ni líle kò bá ara ọmọ mu. Bí ẹtù tàbí àlàárì yín bá ní òwú dídán tí ń kọ mọ̀nà, ẹ má tilẹ̀ rò ó, nítorí òwú náà a máa họ awọ ara. Gíní náà, sítáàṣì ni ó mú un dán tí ó sì le. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tó bí ó ṣe yẹ, gbogbo ẹwà tí ẹ tìtorí rẹ̀ rà á ti lọ.

Nípa àpò ànkárá yín, ẹ má ṣe gbà pé òwú ni gbogbo rẹ̀. Ẹ gé fọ́nrán kékeré lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú lórí àwo irin, kí ẹ fi ìṣáná kàn án. Òwú yóò jó bíi bébà, òórùn rẹ̀ yóò dà bíi ti bébà, eérú rẹ̀ yóò sì rọ̀ lọ́wọ́. Pólísítà yóò yọ́, yóò sì di kókó líle nígbà tí ó bá tutù. Èyí tí ó bá yọ́, ẹ mú un kúrò, torí kì í fa òógùn, ooru a sì há mọ́ ọmọ lára. Èyí tí ó bá jẹ́ òwú, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé ohunkóhun, nítorí aṣọ òwú lè súnkì ní ìwọ̀n ìdá 3 sí 5 nínú 100. Bí ègé kan bá súnkì tí èkejì rẹ̀ kò súnkì lẹ́yìn tí ẹ ti rán wọn pọ̀, kò sí áyọ́ọ̀nù tí yóò tún un ṣe.

Ìyàwó Ìkọ̀lé kọ ọ́ pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ṣé a lè fi òwú ẹ̀gungun, òwú igi àràbà, irú èyí tí ó wà nínú ìrọ̀rí àtijọ́, sí àárín aṣọ ìbora bẹ́ẹ̀? Ó pọ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi.

Aránṣọ Ìkẹ́rẹ́ kọ ọ́ pé:

Rárá o, àbúrò mi. Fọ́nrán òwú ẹ̀gungun kúrú, ó ń yọ̀, kì í di ara rẹ̀ mú. Bí a bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò kó jọ sí igun kan bí ìṣù, ìyókù yóò sì ṣófo. Ó tún máa ń tètè gbaná. Fláńẹ́ẹ̀lì ìlọ́po kan tó fún òtútù Èkìtì.

Ọmọ Aláhunṣọ Ìjerò kọ ọ́ pé:

Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi àlùmọ́gàjí kan kíjìpá yẹn.

Mo dàgbà sí ẹ̀yìn òfì. Ní ilẹ̀ Èkìtì wa, àwọn obìnrin ni wọ́n ń hun kíjìpá lórí òfì tí ó dúró lóòró, ó sì yàtọ̀ sí òfì àwọn ọkùnrin tí ń hun aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn bíi ọ̀já. Òwú tí a fi ọwọ́ ran ni wọ́n máa ń lò ní àtijọ́, ìdí nìyẹn tí aṣọ náà fi nípọn tí ó sì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Abala ni wọ́n ń hun, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ rán abala pọ̀ di ìró. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ abala tiyín dáadáa: etí rẹ̀ ti dì láti orí òfì, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ́ ẹ. Bí ẹ bá gé e sí ègé onígun mẹ́rin, ẹ ti pa etí yẹn run, òwú tí a fi ọwọ́ ran yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú láti gbogbo ọ̀nà.

Èrò tèmi ni pé kí kíjìpá di ẹ̀yìn aṣọ ìbora náà lódindi. Ẹ tú ojú rírán àtijọ́ tí ó so abala mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bí ó bá ti gbó, ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ tún wọn rán pọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe àránpọ̀ ojú, kí ẹ sì tẹ́ ẹ lé orí rẹ̀. Ẹ kò nílò òwú àárín mọ́, kíjìpá náà ti tó. Ìwúwo tí ẹ̀gbọ́n wa aránṣọ ń bẹ̀rù kò ní í sí níbẹ̀, nítorí pé aṣọ wíwúwo wà nísàlẹ̀, ó gbé aṣọ fúyẹ́ ró, wọn kò fara ya ara wọn létí ojú rírán kan náà.

Mo sọ èyí pẹ̀lú ìrora díẹ̀, torí pé ní ilé wa a ti gé èyí tí ó jẹ́ ti ìyá mi àgbà ṣe tìmùtìmù, kò sì pé ọdún méjì tí gbogbo rẹ̀ fi tú.

Aláró Ẹ̀fọ̀n kọ ọ́ pé:

Kàǹpálà tuntun yẹn ni ó kàn mí. Ọ̀pọ̀ nínú kàǹpálà tí a ń tà lónìí ni a fi kọ́síìkì sódà àti háídírósúlfáìtì pọn, kì í ṣe ẹlú nìkan mọ́. Bí aláró kò bá ṣan án dáadáa, sódà a máa kù nínú aṣọ, ọmọ sì ni yóò fi aṣọ sẹ́nu, torí pé kò sí ọmọ tí kì í mu etí aṣọ ìbora rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ gaara. Lẹ́yìn náà, ẹ mú aṣọ funfun tí ó tutù, kí ẹ fi nù ún kíkankíkan. Bí aró bá hàn lára funfun, ẹ má tí ì gé e. Mo ti rí aṣọ ìbora kan tí wọ́n fi aláró tuntun àti funfun ṣe, tí gbogbo funfun rẹ̀ di àwọ̀ eérú ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Èmi ni mo pọn aró rẹ̀, mo sì kọ́ ọgbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ àrà kún un. Aṣọ tí àwòrán rẹ̀ tóbi fẹ́ ègé tí ó tóbi. Bí ẹ bá gé ànkárá tí ẹyẹ ńlá wà lára rẹ̀ sí ínṣì mẹ́ta, ìyẹ́ ni yóò wà níhìn-ín, ẹsẹ̀ yóò wà lọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀ pé ẹyẹ ni. Àwòrán wínníwínní ni ó yẹ ègé kékeré. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́ ni ó rọrùn jù lọ fún iṣẹ́ yìí, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ya àwòrán sí kí wọ́n tó rì í sínú aró, nítorí pé àrà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn tàbí Olókun ti pín ara rẹ̀ sí ojú onígun mẹ́rin, mẹ́rin láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan sì ní àwòrán tirẹ̀. Bí ẹ bá gé e lójú ìlà rẹ̀, òpó Gbọ̀ngàn Mápó tí ó wà lára Ìbàdàndùn yóò dúró lódindi nínú ègé kan.

Bàbá Ìbejì Ọ̀yẹ́ kọ ọ́ pé:

Ẹ̀yin àgbà, mo ń kọ́ ẹ̀kọ́. Nígbà tí àwọn ìbejì wa dé, gbogbo aṣọ tí wọ́n fún wa ni àwọ̀ wọn ṣì, píńkì ráńdan àti búlúù ráńdan. Mo ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ náà kì í wò ó, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tẹjú mọ́ ẹtù tí ìyá wọn bá ró. Ṣé ojú mi ni ó ń tàn mí?

Nọ́ọ̀sì Ìdó kọ ọ́ pé:

Ojú yín kò tàn yín, Bàbá Ìbejì. Ohun tí ó jìnnà sí ojú ọmọ tuntun ní nǹkan bí ínṣì 8 sí 12 ni ó máa ń rí dáadáa jù, ìwọ̀n tí ó wà láàárín ojú rẹ̀ àti ojú ìyá rẹ̀ nígbà tí ó bá ń mu ọmú. Ohun tí dúdú àti funfun rẹ̀ bá yàtọ̀ gedegbe ni ó tètè máa ń fa ojú rẹ̀ mọ́ra. Ẹtù, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara ẹyẹ awó nítorí wínníwínní ara rẹ̀, àti àdìrẹ aláró, bá ojú ọmọ ọwọ́ mu ju àwọ̀ ṣíṣì lọ.

Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí, torí pé òun ni mo tìtorí rẹ̀ wọlé sọ̀rọ̀. Aṣọ ìbora náà kì í ṣe ti ojú oorun ní ọdún àkọ́kọ́. American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, tún ìtọ́ni wọn ṣe ní ọdún 2022, wọ́n sì tẹnu mọ́ ọn pé kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan máa sùn ní ìdùbúlẹ̀ ẹ̀yìn, lórí ibùsùn tí kò rọ̀ wọnú, láìsí ìrọ̀rí, láìsí aṣọ ìbora tí kò dì mọ́ ọn lára. Aṣọ lè yí bo imú ọmọ, ọmọ oṣù méjì kò sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i kúrò. Aṣọ tí ó ní kíjìpá lẹ́yìn wúwo ju ti ilé ìtajà lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn án gan-an. Ní òru ọyẹ́, ẹ wọ aṣọ tí ó bá ara rẹ̀ mu fún ọmọ.

Iṣẹ́ tí aṣọ ìbora yìí wà fún pọ̀ tó láìka ti oorun: ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ọmọ dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀ nígbà tí ó bá jí tí ẹ sì ń wò ó, kí ọrùn rẹ̀ lè le, ẹ fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí itan yín ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ẹ má ṣe rán bọ́tìnnì, ìlẹ̀kẹ̀, okùn tàbí wajawaja kankan mọ́ ọn.

Àgbà Ọ̀tùn kọ ọ́ pé:

Ẹ má bínú sí àna yín, ìyá. Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ní ìtàn. Ní ayé ìgbà tí àbíkú ń dààmú ilé, àkísà ni wọ́n fi ń di òkú ọmọ lọ sí igbó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ ọmọ tí ó bá tún padà wá ní Àkísàtán, pé àkísà tí a ó fi sin ín kò sí mọ́. Ìyá tí ó bá gbọ́ àkísà àti ọmọ tuntun nínú gbólóhùn kan náà, ọkàn rẹ̀ ti lọ síbẹ̀ kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n àgékù yàtọ̀ sí àkísà, aṣọ àgbà náà sì yàtọ̀ sí méjèèjì. Ìró àwọn ìyá wa tí ó ti rọ̀ ni wọ́n ń ya ṣe ìtẹ́dìí fún wa, ta ni ó sì ka ìyẹn sí èèwọ̀? Wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Bí mo ṣe wò ó, ohun tí ẹ fẹ́ rán yìí ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ fi lè ní aṣọ tí ó ti gbó ọgọ́ta ọdún. Ní Gee's Bend ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, aṣọ iṣẹ́ oko tí ó ti gbó ni àwọn obìnrin adúláwọ̀ fi ń rán irú aṣọ ìbora yìí. Wọ́n pàtẹ wọn sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní ìlú Houston ní ọdún 2002, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà sì fi àwòrán mẹ́wàá nínú wọn ṣe sítáǹpù ní ọdún 2006.

Ẹ má fi ìtàn yìí bá a jiyàn ṣá. Ẹ kó aṣọ náà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gé e. Ẹ ní kí ó fi ọ̀kan kún un láti inú àpótí tirẹ̀. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ kò ní í pè é ní àkísà.

Ìyá Àgbà Adó kọ ọ́ pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó padà wá nítorí pé mo ń ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe.

Mo lọ sọ́dọ̀ àna mi. Ó fi ọwọ́ pa kíjìpá náà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá wọlé lọ, ó sì mú ìró àdìrẹ kan jáde: Ìbàdàndùn, èyí tí ìyá rẹ̀ fún un nígbà tí ó bí ọkọ ọmọ mi. Ó ní òun kò ní í ró o mọ́. Mo nà án sí ojú oòrùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti là á kọjá kò ju àyíká ìdí lọ, mo sì ti fi ṣọ́ọ̀kì pààlà sí i kí n má baà gé níbẹ̀. Mo fi aṣọ funfun tútù nù ún bí Aláró ti wí, aró kankan kò jáde. Ojú onígun mẹ́rin ara rẹ̀ jẹ́ ínṣì 7.

Nínú àpò ànkárá, ìdajì ni ó yọ́ nínú iná. Ó yà mí lẹ́nu, torí òǹtajà tí mo ti ra púpọ̀ nínú wọn fi dá mi lójú pé òwú ni. Mo ti kó ìyókù sápá kan, kàǹpálà tuntun sì ṣì ń dà aró títí di ìfọ̀ kẹrin. Ẹtù àti àlàárì ti padà sínú àpótí de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó kù kí n mọ aṣọ tí yóò bá àdìrẹ yìí rìn àti iye tí n óò rà.

Aránṣọ Ìkẹ́rẹ́ kọ ọ́ pé:

Inú mi dùn gan-an sí èyí, Mà. Ẹ ra pópùlíìnì òwú aláwọ̀ ìyeyè tí kò le jù. Ìwúwo rẹ̀ àti ti àdìrẹ kò jìnnà síra, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì gbé aró náà yọ láìdọ̀tí kíákíá bíi funfun.

Àrà tí ó rọrùn jù ni kí ẹ to ègé mẹ́fà ní ìbú, mẹ́fà ní òòró, aláró kan, ìyeyè kan, kí ìlà kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyeyè. Ẹ gé ègé kọ̀ọ̀kan ní ínṣì 6½, kí ẹ fi ìdá mẹ́rin ínṣì rán etí kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ yóò di ínṣì 6, gbogbo aṣọ yóò sì jẹ́ ínṣì 36 sí 36. Ègé 36 ni lápapọ̀, 18 láti ara aṣọ kọ̀ọ̀kan. Pópùlíìnì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 45 yóò fún yín ní ègé mẹ́fà ní ìlà kan, nítorí náà ìlà mẹ́ta, tí ó jẹ́ ínṣì 19½, ti tó. Ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ oníbùú ínṣì 2½ mẹ́rin kún un fún etí yíyí ká. Bí ẹ bá ra ọ̀pá kan, yóò kárí, tí a bá tilẹ̀ yọ súnkì kúrò.

Ẹ má ṣe ká kíjìpá wá sójú láti fi ṣẹ́ etí. Igun rẹ̀ yóò nípọn débi tí abẹ́rẹ́ yóò fi ṣẹ́. Abala mẹ́ta yín yóò tó ínṣì 41 ní ìbú lẹ́yìn fífọ̀ àti rírán, ẹ gé èyí tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbá ojú àti ẹ̀yìn mọ́ra. Ẹ lo abẹ́rẹ́ nọ́ḿbà 16, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí etí, kí ẹ sì rán lójú ìlà ibi tí ègé ti pàdé; ìlà kan ní gbogbo ínṣì 6 ti tó, nítorí kò sí òwú àárín tí yóò rìn. Iye píìnnì tí ẹ bá gún wọlé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọ̀kankan má baà kù nínú aṣọ ọmọ.

Ọmọ Aláhunṣọ Ìjerò kọ ọ́ pé:

Màmá, bí ẹ bá fẹ́ sá kíjìpá náà, ẹ tẹ́ ẹ sórí ohun tí ó tẹ́jú. Bí ó bá tutù, ó máa ń wúwo gan-an, bí ẹ bá sì fi kọ́ okùn, yóò fà gùn ní apá kan.

Ìyá Àgbà Adó kọ ọ́ pé:

Mo rán an tán ní alẹ́ àná. Igun méjì kò pàdé dáadáa ní ìlà kẹrin, mo tú u, mo sì tún un rán. Òpó Mápó márùn-ún ni ó dúró lódindi. Àna mi ni ó kà wọ́n. Píìnnì 40 ni mo gún wọlé, 40 ni mo sì kó padà sínú agolo. Ní òwúrọ̀ ọ̀la ni n óò fọ̀ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, orí ẹní ni n óò sì tẹ́ ẹ sí.